Ológbò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi: Bí Ọkàn Ẹranko Tó Ń Bẹ̀rù Ṣe Ń Balẹ̀ Kí Ó Tó Rí Ilé

Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ti kọ nǹkan gbẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo sì lò níbẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé kí ni Prof mú bọ̀ fún àwọn. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo mú bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yín ní fonẹ́tíìkì àti síńtáàsì ló wá ń sọ̀rọ̀ ológbò lọ́jọ́ ogbó. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán, kẹ́ ẹ wá jókòó, torí ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì kan èmi fúnra mi.

Ọmọ mi yìí máa ń gba ológbò tọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lọ́hùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n gba ẹranko tí kò nílé, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì bá a wá ẹni tí yóò mú un sílé. Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Battersea, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Tealby dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1860 fún ajá tí kò nílé, ti ń gba ológbò láti ọdún 1883. Cats Protection, tó jẹ́ ti ológbò nìkan, bẹ̀rẹ̀ ní 1927. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké náà wà káàkiri, ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Bí ológbò kan bá wà tí inú kéèjì kò bá a lára mu, wọ́n á gbé e fún ìdílé kan, kó máa gbé níbẹ̀ títí ẹni tí yóò gbà á pátápátá yóò fi dé.

Nígbà tí mo dé, yàrá àlejò tí mo máa ń sùn sí ti ní onílé. Ológbò kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abo ni, ó tó ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Inú ilé kan ni wọ́n ti kó o, níbi tí ológbò ti pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè bójú tó lọ. Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti gbà á sílé, àwọn méjèèjì ló sì dá a padà. Ẹni àkọ́kọ́ dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n rò: kì í jáde, kì í ṣeré, kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan òun. Ọmọ mi ní, “Dádì, tí wọ́n bá tún dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò mọ ẹni tó tún máa béèrè ẹ̀.” Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Bí èmi àti Pẹ̀lẹ́ ṣe di ará yàrá kan náà nìyẹn, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì, òun nísàlẹ̀.

Ìtìjú ni àbí ẹ̀rù?

Nínú ìwé tó bá ológbò náà wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ni èyí tí àwa yóò pè ní “onítìjú”. Ẹ mọ̀ mí, n kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ojú ló wà nínú ìtìjú. Kí ojú tó lè ti èèyàn, ó ní láti mọ̀ pé àwọn kan ń wo òun, pé wọ́n sì lè rò òun sí nǹkan mìíràn. Ọmọ tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó kọ̀ láti kí àlejò, ojú ló ń tì í. Ohun tó ń ṣe ológbò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa: ẹ̀rù ni olùwà, ológbò ni àbọ̀. Ẹ̀rù ló ń ṣiṣẹ́, ológbò ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó máa ń jókòó níwájú ní kíláàsì: “Sà, ‘ojú ń tì í’ náà ní ìhun kan náà.” Òótọ́ ni, ẹ gba máàkì. Ìtumọ̀ ni mò ń bá lọ.

Ìyàtọ̀ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ bá pe nǹkan ní ìwà, ẹ ó sọ pé “bó ṣe rí nìyẹn”, ẹ ó sì dá a padà fún ẹni tó fún yín. Bí ẹ bá pè é ní ẹ̀rù, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló ń bà á lẹ́rù, báwo la ṣe máa mú un kúrò. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ gba Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú ìwé ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Ibo wá ni ẹ̀rù náà ti ń wá? Àkọ́kọ́ ni ìran. Ológbò ilé ṣẹ̀ wá láti ara ológbò ìgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica, tó wà ní Áfíríkà àti ní Àárín Ìlà-Oòrùn. Ẹranko kékeré ni, ó máa ń dá ṣọdẹ. Ó ń pa ẹran jẹ, àwọn ẹranko tó tóbi jù ú lọ náà sì lè pa á jẹ. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kì í dúró jà bó bá rí ibi sá sí. Kí ológbò sá pamọ́ kì í ṣe àrùn, ohun èlò tí ìran rẹ̀ fi wà láàyè dòní ni.

Èkejì ni ìgbà ọmọdé. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, Eileen Karsh ní Yunifásítì Temple ní Philadelphia fi ìwádìí hàn pé àárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ìbí ni ọwọ́ èèyàn máa ń mọ́ ọmọ ológbò lára jù lọ. Èyí tí èèyàn bá ń gbé mọ́ra lásìkò náà sábà máa ń dàgbà di ẹran tó fara mọ́ èèyàn. Èyí tí àsìkò náà bá kọjá lórí rẹ̀ láìsí ọwọ́ èèyàn ṣì lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà ṣe ń kọ́ èdè àjèjì ni. Ó ṣeé ṣe, ó ń gba àkókò, ohùn ìlú tó ti wá á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tójú ẹ̀ ti rí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ rò ó wò: ilé mẹ́rin ni Pẹ̀lẹ́ ti gbé, inú àpótí ni wọ́n fi ń gbé e láti ọ̀kan dé èkejì. Ìró ilẹ̀kùn tó ṣí lè jẹ́ ìròyìn pé ayé rẹ̀ tún fẹ́ yí padà.

Ẹ jẹ́ n ya nǹkan kan sọ́tọ̀ kó má baà dàrú. Ológbò tó dàgbà sígboro láìmọ èèyàn rí yàtọ̀ sí èyí tó ti gbé pẹ̀lú èèyàn tí ẹ̀rù wá ń bà. Kéèyàn fi ipá sọ ti àkọ́kọ́ di ẹran inú ilé, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ni pé wọ́n á mú un, dókítà á ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, wọ́n á sì dá a padà síbi tó ń gbé, tàbí kí wọ́n wá oko kan fún un tí yóò ti máa pa eku. Pẹ̀lẹ́ kò sí lára àwọn yẹn. Lóru, bó bá rò pé mo ti sùn, ó máa ń wá gbóòórùn bàtà mi.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ tèmi náà. Níbi tí mo dàgbà sí, a mọ ìwúlò ológbò: bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọ̀kan bá ké lórí òrùlé, gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á ní àwọn àgbà ń kọjá. Dúdú ló sì burú jù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé oríire ni kí ológbò dúdú dábùú ọ̀nà ẹni. Ọjọ́ kìíní tí mo sùn sí yàrá náà, tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo rí ojú méjì tó ń tàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àdúrà ni mo gbà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó gboyè dókítà! Òun ń bẹ̀rù mi, èmi ń bẹ̀rù ẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tí ara rẹ̀ ń sọ

Ká tó lè ràn án lọ́wọ́, a ní láti gbọ́ ohun tó ń sọ. Mi ò ní ológbò ní èdè o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì rántí àwọn àbùdá èdè tí Charles Hockett tò kalẹ̀ ní 1960 mọ̀ pé ológbò ò lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún yín. Síbẹ̀, ara rẹ̀ kún fún àmì.

Ẹ kọ́kọ́ wo etí. Bó bá nà síwájú, ara rọ̀ ọ́. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó lẹ̀ mọ́ orí, ẹ̀rù ń bà á, ẹ sún sẹ́yìn.

Ẹ wo ìrù. Bó bá nà án sókè gbọnrangandan bó ṣe ń bọ̀, ó ń kí yín ni. Bó bá ká a mọ́ra pinpin, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bó bá ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ti ajá kọ́ o. Ó ti ń sú u, inú sì lè máa bí i.

Ẹ wo ojú. Ọmọlójú tó fẹ̀ ràgàjì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa, ẹ̀rù ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, torí ìhàlẹ̀ ni lójú tirẹ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Sussex àti ti Portsmouth tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bí èèyàn bá ń rọra pa ojú dé, tó ń rọra là á, ológbò sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ padà, ó sì túbọ̀ máa ń fẹ́ sún mọ́ ẹni náà. Mo dán an wò. Ọjọ́ kẹrìnlá ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Ohùn ni mo gbádùn jù, ẹ mọ̀dí. Ológbò tó ti dàgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ké “miáù” sí ológbò ẹgbẹ́ rẹ̀, àwa èèyàn ló máa ń ké e sí. Ní Yunifásítì Lund ní Sweden, onímọ̀ fonẹ́tíìkì kan tó ń jẹ́ Susanne Schötz ti ń gba ohùn ológbò sílẹ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí i pé igbe oúnjẹ sábà máa ń gòkè lópin, igbe ọ̀dọ̀ dókítà sì sábà máa ń wálẹ̀. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀! Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. Ní ti kíkùn inú ọ̀fun, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ológbò tí inú ẹ̀ dùn máa ń kùn, èyí tí nǹkan ń dùn lára náà máa ń kùn.

Ohun tí a ṣe

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ. Eyín tó ń dun ológbò tàbí oríkèé tó ń ro ó lè mú kó máa sá fún èèyàn. Dókítà ní ara Pẹ̀lẹ́ dá. Ó kìlọ̀ ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání: bí ológbò ò bá jẹun rárá fún odindi ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má kàn sọ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ gbé e lọ.

Ibi ìsápamọ́ ló tẹ̀ lé e. Èrò tèmi ni pé ká dí gbogbo ihò, kó lè máa rí wa títí a ó fi mọ́ ọn lára. Ọmọ mi ní rárá. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utrecht ní Netherlands fún àwọn ológbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìtọ́jú ní àpótí tí wọ́n lè sá sí, wọn ò fún àwọn yòókù. Àwọn tó ní àpótí ni ara wọn tètè balẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun ní ibi sá sí ló ń láyà láti jáde. Lóru ọjọ́ kan tí Pẹ̀lẹ́ jáde wá jẹun, a dí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí ó jìn jù. A gbé páálí kan tó ní ẹnu méjì síbẹ̀, a tẹ́ aṣọ tó ti ń sùn lé tẹ́lẹ̀ sínú ẹ̀. A gbé páálí kejì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, torí ológbò fẹ́ràn kó wà lókè kó máa wo ilẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo tó o. Gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Oúnjẹ àti omi wà ní igun kan, ibi ìyàgbẹ́ wà ní igun kejì, torí ológbò kì í fẹ́ jẹun létí ibi tó ń yàgbẹ́ sí. Aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni oúnjẹ ń dé, láti ọwọ́ ẹnì kan náà. Ẹranko tó lè mọ ohun tó kàn, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ dé ìdajì.

Iṣẹ́ tèmi ni ìjókòó. Ọmọ mi ní kí n jókòó sílẹ̀, kí n kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kí n má wò ó, kí n máa kàwé sókè. Iṣẹ́ olùkọ́ náà kọ́ nìyẹn? Mo ń ka ìwé Yorùbá fún ológbò Gẹ̀ẹ́sì, ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ogún ìṣẹ́jú lálẹ́. Mo máa ń ju ẹran adìẹ sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ sẹ́nu páálí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi í sílẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí páálí. Bó bá jẹ ẹ́, ẹran ọjọ́ kejì á sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Bí kò bá jẹ ẹ́, mo dá a padà síbi tó wà lánàá. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ẹ̀: òun ni yóò máa dín àyè tó wà láàárín wa kù. Èmi ò gbọ́dọ̀ bá a dín in.

Àṣìṣe mi

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń jẹ ẹran ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tọkọtaya kan ní àwọn fẹ́ wá wò ó. Inú mi dùn jù, mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n wọlé, Pẹ̀lẹ́ wọnú páálí. Mo bá na ọwọ́ wọ páálí. Ọmọ mi pariwo, “Dádì, ẹ má fà á!” Mo ti fà á. Ó ha mi lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ó tọ̀ sí mi láṣọ, ó sì gba àárín ẹsẹ̀ àwọn àlejò sá lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn àlejò dúpẹ́, wọ́n lọ, a ò gbúròó wọn mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Pẹ̀lẹ́ fi kọ̀ láti jẹ ohunkóhun níṣojú mi. Òru nìkan ló ń jẹun.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ rántí pé òwe yìí ni mo máa ń fi ṣàlàyé ìhun òwe fún yín, apá kìíní àti apá kejì. Ọdún gbọọrọ ni mo fi tú u palẹ̀ lórí pátákó, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Lóru ọjọ́ náà, mo rántí kíláàsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ fonẹ́tíìkì lọ́dọ̀ mi mọ ohun tí mo máa ń ṣe. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀, òun ni mo máa ń pè dìde kó wá pe àwọn kóńsónáǹtì níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní mò ń fún yín ní ìgboyà. Àwọn kan rí i gbà lóòótọ́, wọ́n sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan wà tí kò wá sí kíláàsì mi mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí mo pè é. Mi ò wá a lọ. Mo ní kò múra sí ẹ̀kọ́ ni. Bó bá wà lára àwọn tó ń ka èyí, mo tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ méjì la máa ń dà pọ̀ níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù: ìgboyà àti ìfọkànbalẹ̀. Ẹni tó nígboyà, ẹ̀rù lè ṣì wà níbẹ̀, kó sì ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó ní ìfọkànbalẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti fìdí mọ́lẹ̀. A lè béèrè ìgboyà lọ́wọ́ ọmọ ogun. Ológbò ń wá ìfọkànbalẹ̀. Bí ìyẹn bá ti dé, ohun tí àwa ń pè ní ìgboyà á tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu páálí. Ọmọ mi fi ìyẹ́ so mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rọra wọ́ ọ lọ lórí ilẹ̀ bí eku tó ń sá. Ológbò tó bá ń lé nǹkan máa ń gbàgbé ẹ̀rù fún ìgbà díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo na ìka kan sílẹ̀ níwọ̀nba ìsàlẹ̀ imú rẹ̀, ó wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí ìlànà yìí: ẹ fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n nìkan, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ dáwọ́ dúró. Bó bá tún sún mọ́ yín, ẹ tún ṣe é. Bó bá wo ibòmíràn, ó ti tó. Ẹ jìnnà sí ikùn àti ìrù. Ẹ sì máa pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ohun rere bá ń bọ̀. Atsuko Saito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn ní 2019 pé ológbò ilé lè mọ orúkọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Pẹ̀lẹ́ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lóhùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè bó ṣe yẹ. Bí àwọn aládùúgbò Gẹ̀ẹ́sì bá pè é láìsí ohùn, kì í yíjú.

Bí a ṣe bá a wá ilé

Nígbà tí oṣù kẹta pé, ọmọ mi ní ó tó àkókò. Ìwé tí wọ́n fi polongo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju pé “onítìjú ni, ó nílò onísùúrù”. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ní kí èmi tí mo mọ ọ̀rọ̀ kọ òmíràn. Mo yọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe kúrò, mo fi ọ̀rọ̀ ìṣe sí i. Ohun tí mo kọ nìyí, ní Yorùbá:

“Pẹ̀lẹ́ yóò sá sínú páálí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Òru ni yóò máa jẹun. Ó fẹ́ràn ẹran adìẹ, ìyẹ́ orí igi, àti ohùn ẹni tó ń kàwé. Kò fẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, kò fẹ́ ọmọdé tó ń sáré, kò sì fẹ́ kéèyàn gbé òun. Lọ́dọ̀ wa, ó gbà á ní oṣù méjì kó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun. Ní báyìí, ó máa ń sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.”

Ẹ ó rí i pé mo kọ ohun tó burú síbẹ̀. Ó sàn kí èèyàn mẹ́wàá kà á kí wọ́n kọjá lọ, ju kí ẹnì kan gbé e lọ sílé kó tún dá a padà. A tún fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tó ń lé ìyẹ́. Irú ológbò yìí kì í jẹ́ kí àlejò rí ìdajì ohun tó jẹ́. Fídíò ló ń sọ ìdajì tó kù.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dáhùn. Ó ń dá gbé, ilé rẹ̀ sì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá. Lẹ́ẹ̀kìíní, kò rí ju ìrù lọ. Kò bínú. Ó mú òwú àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ jáde nínú báàgì, ó jókòó sílẹ̀, ó ń hun súwẹ́tà. Bó ṣe ń lọ, ó fi síkáàfù rẹ̀ sílẹ̀ kí Pẹ̀lẹ́ lè máa gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Pẹ̀lẹ́ jáde wá jẹ ẹran lórí ilẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbóòórùn òwú náà, lẹ́yìn náà ìka obìnrin náà.

Àwọn ohun tí a bá a sọ kó tó mú un lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba irú ẹranko bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí páálí àti aṣọ rẹ̀ bá a lọ láìfọ̀, torí òórùn ara rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Kó tún bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kan. Kó má jẹ́ kó jáde síta, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má baà sá wá ilé àtijọ́ lọ. Kó yí orúkọ ẹni tó ni ín padà lórí microchip tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ológbò ilé ní England. Lékè gbogbo rẹ̀, bí nǹkan bá sú u, kó pè wá kó tó ṣe ìpinnu kankan.

Ọjọ́ tó ń lọ, kò sí ẹni tó fà á. Ó ti lé ní oṣù kan tí àpótí tí wọn yóò fi gbé e ti wà ní ṣíṣí nínú yàrá, tí ẹran adìẹ máa ń wà nínú ẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, mo rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Òru ọjọ́ náà, yàrá náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, obìnrin náà fi fọ́tò kan ránṣẹ́: ìdì òwú kan lórí ilẹ̀, àti ẹsẹ̀ eérú kan tó yọ jáde láti abẹ́ àga láti fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ nìkan la rí. Ọmọ mi wò ó, ó ní, “Dádì, kò ní dá a padà.” Ó sì ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Èyí tó ń sá wọ abẹ́ mọ́tò yín, tí ẹ máa ń fi bàtà lé, páálí kan, ẹran díẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, àti ìjókòó jẹ́ẹ́ kò wọ́n. Ẹ bi dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín léèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi pẹ̀lú, torí ajá nìkan kọ́ ló ń ní in.

Ọmọ mi ti gba òmíràn. Akọ ni. Ó ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, kí n tètè máa bọ̀.